Kíkọ̀m̀páìlì libvpx láti inú kóòdù orísun: configure ní òun kò rí yasm tàbí nasm

Akọ̀wé_Fídíò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kámẹ́rà tí a ń lò níbi iṣẹ́ máa ń gba àwòrán ní bíìtì 10, mo sì fẹ́ fún àwọn fídíò náà pọ̀ sí VP9, ìyẹn ọ̀nà kan tí a ń gbà fún fídíò pọ̀, láì sọ wọ́n di bíìtì 8 tí àwọ̀ rẹ̀ kéré sí ti bíìtì 10. Sáfà kan tó ń lo Ubuntu 22.04 ni mo fi ń ṣiṣẹ́. FFmpeg, ètò tí a fi ń yí fídíò padà, tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe èyí tó bá Ubuntu wá. Ẹni tó wà ní ipò yìí ṣáájú mi ló kọ̀m̀páìlì rẹ̀ (ìyẹn ni pé ó sọ kóòdù rẹ̀ di ètò tó lè ṣiṣẹ́), kò sì fi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀ nípa bó ṣe ṣe é. Nígbàkigbà tí mo bá ní kí ó fi bíìtì 10 pamọ́ sínú VP9, yóò ní ohun tí mo béèrè kò bá òun mu, yóò sì yí i padà sí yuv420p, tí í ṣe bíìtì 8, fúnra rẹ̀.

Mo wá gba kóòdù orísun libvpx, láíbìrì tí FFmpeg ń lò fún VP9, láti kọ̀m̀páìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n configure, àṣẹ tó ń múra kọ̀m̀páìlì sílẹ̀, dúró, ó ní:

`Neither yasm nor nasm have been found.`

Mo kà á níbì kan pé bí mo bá fi `--target=generic-gnu` kún àṣẹ náà, yóò kọjá. Ǹjẹ́ ó yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀? N kò ní àṣẹ láti fi nǹkan sínú /usr tàbí /usr/local, àmọ́ alábòójútó sáfà ṣe tán láti bá mi fi páàkéèjì tó bá wà nínú àkójọ Ubuntu sí i, bí mo bá ti lè dárúkọ rẹ̀ fún un.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Ẹ káàbọ̀ sí àárín wa. Kí a tó dé orí nasm (ètò tó ń túmọ̀ kóòdù tí wọ́n kọ ní èdè pírósẹ́sọ̀), ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà pọn dandan, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi odindi ọjọ́ kọ̀m̀páìlì ohun tí wọ́n ti ní lọ́wọ́. Ẹ pa àṣẹ yìí:

`ffmpeg -h encoder=libvpx-vp9`

kí ẹ sì wo ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Supported pixel formats. FFmpeg kì í méfò lórí ìlà yẹn. Ó máa ń bi libvpx tí wọ́n so mọ́ ọn léèrè bóyá wọ́n kọ̀m̀páìlì rẹ̀ pẹ̀lú `--enable-vp9-highbitdepth`, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, yuv420p10le yóò wà lára àwọn orúkọ tó tò síbẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi kóòdù orísun sílẹ̀, torí inú àṣẹ tí ẹ fi ń fún fídíò pọ̀ ni ìṣòro wà. Bí ẹ kò bá rí i, ohun tí wọn kò fi sí i nígbà tí wọ́n ń kọ̀m̀páìlì ni, kò sì sí àṣẹ tí ẹ lè pa lẹ́yìn náà tí yóò dá a padà. Ọ̀nà kan tó yá ju kọ̀m̀páìlì lọ ṣì wà: kí alábòójútó fi FFmpeg tó jẹ́ ti Ubuntu gan-an sí i, kí ẹ sì bi òun náà ní ìbéèrè yìí kan náà.

Ní ti `generic-gnu`, èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò jù nínú VP9, bíi wíwá ibi tí ègé àwòrán kan ṣí lọ láti férémù kan sí èkejì, wà nínú libvpx ní ẹ̀dà púpọ̀: ọ̀kan tí wọ́n kọ ní C lásán fún kọ̀ǹpútà yòówù, àti àwọn mìíràn tí wọ́n kọ fún SSE2, SSSE3, AVX2 àti irú wọn, èyí tí pírósẹ́sọ̀ fi ń ṣe ìṣirò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. `generic-gnu` ń sọ fún configure pé kí ó pa gbogbo àwọn ẹ̀dà kíákíá wọ̀nyí tì. Kọ̀m̀páìlì yóò parí láìsí ìkìlọ̀ kankan, fídíò tó bá jáde yóò sì dára, ṣùgbọ́n yóò falẹ̀ débi tí ẹ ó fi rò pé sáfà ti bàjẹ́. Ìyẹn gan-an ló mú kí ìmọ̀ràn náà léwu: kò sí ohun tó hàn sójú pé ó bàjẹ́.

Ohun tí configure ń béèrè kò ju páàkéèjì kan lọ. Ẹ ní kí alábòójútó ṣe èyí:

`sudo apt install build-essential git nasm perl pkg-config`

Ẹ yan nasm, kí ẹ fi yasm sílẹ̀. Láti ìgbà tí yasm 1.3.0 ti jáde ní 2014 ni iṣẹ́ lórí rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, nígbà tí nasm ṣì ń tẹ̀síwájú, bí ẹ bá sì fẹ́ kọ̀m̀páìlì x264 tàbí dav1d, àwọn láíbìrì fídíò mìíràn, lọ́jọ́ mìíràn, nasm ni àwọn yẹn náà yóò béèrè. Perl ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé. Kódù Perl kékeré kan tó ń jẹ́ rtcd.pl ló ń kọ àwọn fáìlì tó ń pinnu, lẹ́yìn tí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀, èwo nínú àwọn ẹ̀dà kíákíá náà ni pírósẹ́sọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lè lò. Láìsí Perl, kò sí libvpx.

Akọ̀wé_Fídíò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wo ìlà náà, kò sì sí èyíkéyìí tó ní 10 nínú orúkọ rẹ̀. Alábòójútó ti fi nasm sí i, ṣùgbọ́n kò fẹ́ FFmpeg kejì nínú /usr/bin, nítorí pé àwọn iṣẹ́ òru kan wà tó ń pe ffmpeg ní orúkọ lásán, kò sì fẹ́ kí wọ́n lọ bá èyí tí wọn kò mọ̀ rí pàdé. Inú ilé tèmi nìkan ni mo lè fi tuntun sí. Kóòdù tí mo gbà tẹ́lẹ̀ kò pé, torí nẹ́tíwọọ̀kì já láàárín, n ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Tẹ́míná

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n gbà á láti ibi gbígba kóòdù náà. Ilé rẹ̀ gan-an ni chromium.googlesource.com/webm/libvpx, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lórí GitHub lábẹ́ webmproject. Ẹ má mú ẹ̀ka main àyàfi bí ẹ bá fẹ́ bá wọn tún kóòdù náà ṣe. Ẹ̀dà tí wọ́n ti fi nọ́ḿbà sí ni kí ẹ gbà:

`git clone --depth 1 --branch v1.15.0 https://chromium.googlesource.com/webm/libvpx`

`--depth 1` ń mú kí git gbé kóòdù ẹ̀dà yẹn nìkan wá, láì gbé gbogbo ìtàn rẹ̀ láti 2010, ọdún tí Google ra On2 Technologies tí ó sì tú VP8 sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń ra détà. Git clone kò mọ bí a ti ń tẹ̀síwájú láti ibi tí a dé: bí nẹ́tíwọọ̀kì bá já tàbí tí iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí, ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó padà sí. Nítorí náà, níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì kò bá ti dúró ire, tar.gz ti v1.15.0 láti orí GitHub ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti mú.

Ẹni tó bá ṣí fáìlì CHANGELOG yóò rí i pé orúkọ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi ń sọ àwọn ẹ̀dà libvpx, tí lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn sì ń tẹ̀lé ara wọn: 1.13.0 ni Ugly Duckling, 1.14.0 ni Venetian Duck, 1.15.0 sì ni Wigeon Duck. Kò kan kọ̀m̀páìlì o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí orúkọ pẹ́pẹ́yẹ nínú ìfìlọ̀ kan, kí ẹ má rò pé ẹ ti ṣìnà.

Lẹ́yìn náà, ẹ má kọ̀m̀páìlì nínú fódà kóòdù gan-an. Ẹ ṣe fódà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pe configure láti ibẹ̀:

`mkdir vpx_kiko && cd vpx_kiko`
`../libvpx/configure --prefix="$HOME/ffmpeg_build" --as=nasm --enable-pic --enable-vp9-highbitdepth --disable-unit-tests --disable-docs`
`make -j4`
`make install`

Àǹfààní fódà ọ̀tọ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ yí àṣàyàn kan padà, ẹ ó kàn pa fódà náà rẹ́, kóòdù orísun yóò sì wà ní mímọ́. Bí ẹ bá ti pe configure nínú fódà kóòdù tẹ́lẹ̀, ẹ wọ inú rẹ̀ lọ kí ẹ lo `make distclean` kí ẹ tó gbìyànjú láti ìta, nítorí pé configure kò ní gbà kí ètò méjì dàpọ̀ mọ́ ara wọn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn àṣàyàn náà, torí mo kórìíra kí ènìyàn máa da ohun tí kò yé e kọ. `--prefix` ni ibi tí gbogbo rẹ̀ yóò lọ, ilé yín nìkan ni yóò sì kàn. `--enable-pic` ń jẹ́ kí kóòdù náà lè ṣiṣẹ́ níbikíbi tí a bá gbé e sí nínú mẹ́mórì. Gcc ti Ubuntu ti sọ èyí di àṣà, bí ẹ bá sì yọ ọ́, ìkẹyìn iṣẹ́ ni ẹ ó ti rí ìkìlọ̀ gígùn kan tó parí sí pé kí ẹ lọ tún un ṣe pẹ̀lú -fPIC. `--disable-unit-tests` ń dín àkókò kù gan-an, nítorí pé C++ ni wọ́n fi kọ àwọn ìdánwò náà, wọ́n sì pọ̀. Àwọn ìwé ìtọ́ni kan máa ń fi `--disable-examples` kún un. Ẹ lè fi kún un bí ó bá jẹ́ FFmpeg nìkan ni ẹ fẹ́ so ó mọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ìyẹn ló máa ń mú kí vpxenc àti vpxdec má jáde, tí àwọn ènìyàn á sì wá síbí láti béèrè ibi tí wọ́n wọlé sí.

Ní ti `make -j4`, nọ́ḿbà náà ni iye iṣẹ́ tí yóò máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mẹ́mórì kọ̀ǹpútà bá kéré, tí ẹ sì rí ọ̀rọ̀ náà Killed nínú ohun tí gcc kọ jáde, kóòdù yín kò ní àbùkù; Linux ló pa gcc nítorí pé mẹ́mórì tán. Ẹ dín in kù sí `-j2` tàbí kí ẹ má fi -j sí i rárá, kí ẹ sì pe make lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí ó dúró sí ni yóò ti tẹ̀síwájú.

Aṣọ́_Sáfà

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣáájú mi pé. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé libvpx kì í ṣe láíbìrì tí ètò púpọ̀ lè jùmọ̀ lò, ìyẹn libvpx.so, àyàfi bí ẹ bá fi `--enable-shared` béèrè fún un. Bí ẹ kò bá béèrè, libvpx.a nìkan ni yóò jáde, FFmpeg yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Fún ẹni tí kò ní àṣẹ lórí /usr, libvpx.a ló dára jù, nítorí pé faìlì ffmpeg kan ṣoṣo tó máa ti ibẹ̀ jáde kò ní máa wá láíbìrì kiri nígbà tí ẹ bá pè é. Ẹni tó bá yan .so ní láti máa fi LD_LIBRARY_PATH tọ́ ọ sọ́nà, tàbí kí ó kọ ọ̀nà náà sínú ffmpeg fúnra rẹ̀ nígbà tó ń so ó pọ̀.

Ẹ má sì ronú láti fi libvpx tuntun dípò ti àtijọ́ kí FFmpeg àtijọ́ yẹn lè máa lò ó. Orúkọ tí libvpx ń jẹ́ máa ń yí padà nígbà tí ìlànà inú rẹ̀ bá yí: libvpx.so.7 ni ti 1.11.0 tó wà nínú Ubuntu 22.04, libvpx.so.8 ni ti 1.13, libvpx.so.9 sì ni ti 1.14 àti 1.15.0. Àwọn kan máa ń fi `ln -s` sọ .so.9 ní .so.7 kí ètò lè gbà. Yóò gbà lóòótọ́, lẹ́yìn náà yóò wá ṣubú láàárín iṣẹ́, tàbí kí ó tilẹ̀ kọ ìdọ̀tí sínú fídíò yín láì sọ nǹkan kan.

Ohun kan tún kù: ẹ má fi `-march=native`, tó ń ní kí gcc kọ kóòdù fún pírósẹ́sọ̀ yín nìkan, sínú CFLAGS (àwọn àṣàyàn tí gcc ń gbà) bí ẹ bá ní í lọ́kàn láti gbé ffmpeg náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Libvpx ti ní ọgbọ́n tirẹ̀ fún mímọ pírósẹ́sọ̀, àṣàyàn tó ń jẹ́ `--enable-runtime-cpu-detect`, ó sì wà ní títàn lórí x86 láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Ohun tí `-march=native` máa ń fi kún ìyára kò tó nǹkan, àmọ́ ohun tó ń fà ni kí ètò kú pẹ̀lú Illegal instruction lórí kọ̀ǹpútà tó dàgbà ju tiyín lọ.

Akọ̀wé_Fídíò

Ẹ kú iṣẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Libvpx ti jáde, mo rí libvpx.a àti vpx.pc nínú $HOME/ffmpeg_build/lib. Mo wá lọ sórí FFmpeg pẹ̀lú `--enable-libvpx`, ó sì kọ̀, ó ní:

`ERROR: libvpx decoder version must be >=1.4.0`

Ẹ̀dà 1.15.0 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀m̀páìlì. Báwo ni 1.15 ṣe kéré sí 1.4?

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Kò kéré sí i. Ìkìlọ̀ yẹn ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, torí pé FFmpeg máa ń kọ ọ́ nígbàkigbà tí ìdánwò kékeré kan tí ó ń ṣe lórí libvpx bá kùnà, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ka ìlà tó hàn nínú tẹ́míná, ibi tí òtítọ́ wà ni ffbuild/config.log. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ fáìlì náà, kí ẹ wá gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí àṣìṣe àkọ́kọ́ tó jẹ mọ́ vpx. Ìkẹyìn wọn kọ́ ni kí ẹ dúró lé, nítorí pé àkọ́kọ́ ló bí àwọn yòókù.

Ohun mẹ́ta ni mo sábà máa ń rí níbẹ̀. Bí ẹ bá rí undefined reference tó dárúkọ pthread tàbí iṣẹ́ ìṣirò bíi pow, a jẹ́ pé `-lpthread -lm` ni kò sí. Bí ẹ bá rí cannot find -lvpx, ọ̀nà ni kò mọ̀. Bí ó bá sì ní VPX_IMG_FMT_HIGHBITDEPTH kò sí, a jẹ́ pé fáìlì .h ti libvpx mìíràn, tó dàgbà gan-an, ló ń kà. Orúkọ yẹn ni FFmpeg fi ń mọ 1.4.0, nítorí inú ẹ̀dà yẹn ló ti kọ́kọ́ wà. Ẹ bi pkg-config, ètò tó ń sọ ibi tí láíbìrì wà àti ẹ̀dà rẹ̀, pé èwo ló mọ̀:

`pkg-config --modversion vpx`

Akọ̀wé_Fídíò

Ẹ̀kẹta ni tèmi. Pkg-config dáhùn pé 1.3.0. Libvpx kan wà nínú /usr/local láti ìgbà ẹni tó ṣáájú mi, nígbà tí sáfà yìí ṣì ń lo Ubuntu àtijọ́, n kò sì ní àṣẹ láti yọ ọ́.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Ọ̀rọ̀ ti yé wa wàyí. 1.3.0 jáde ní December 2013, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n parí ìlànà VP9, kò sì sí bí ẹni tó kọ́ FFmpeg àtijọ́ yẹn ìbá ṣe rí bíìtì 10 nínú rẹ̀. FFmpeg sọ òótọ́ fún yín, libvpx mìíràn ló kàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ yọ ọ́. Ẹ kàn fi tiyín síwájú:

`PKG_CONFIG_PATH="$HOME/ffmpeg_build/lib/pkgconfig" ./configure --prefix="$HOME/ffmpeg_build" --bindir="$HOME/bin" --pkg-config-flags="--static" --extra-cflags="-I$HOME/ffmpeg_build/include" --extra-ldflags="-L$HOME/ffmpeg_build/lib" --extra-libs="-lpthread -lm" --enable-libvpx`

Ìlà kan ni gbogbo rẹ̀. PKG_CONFIG_PATH gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú configure, tàbí kí ẹ fi export ṣe é. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí ìlà ọ̀tọ̀ láìsí export, inú tẹ́míná yín ni yóò parí sí, configure kò ní rí i. Lẹ́yìn tí make àti make install bá parí, ẹ lo `hash -r` kí tẹ́míná gbàgbé ibi tí ffmpeg àtijọ́ wà, kí ẹ sì fi `which ffmpeg` rí i dájú pé ti $HOME/bin ló ń dáhùn. Àwọn iṣẹ́ òru alábòójútó kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ìyá_Tẹ́míná

Kí ẹnikẹ́ni tó fi `--enable-gpl` kún àṣẹ òkè yìí nítorí pé ó rí i nínú ìwé ìtọ́ni: libvpx kò nílò rẹ̀. Ìwé àṣẹ BSD ni libvpx ní, FFmpeg fúnra rẹ̀ sì wà lábẹ́ LGPL bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. x264 ni ó wà lábẹ́ GPL, tí ẹ bá sì so ó mọ́ ọn, FFmpeg yóò kọ̀ títí ẹ ó fi kọ `--enable-gpl`, gbogbo ohun tó bá jáde yóò sì di ti GPL, èyí tó ń béèrè pé kí ẹni tó bá pín ètò fún ẹlòmíràn fún un ní kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú. Fún ẹni tó ń lò ó nínú ilé ara rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Fún ilé iṣẹ́ tó fẹ́ fi í sínú ọjà tí yóò tà, ìyàtọ̀ náà tó kí wọ́n pe agbẹjọ́rò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Windows

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé ọ̀nà yìí náà ni ti Windows àti ti Android?

Aṣọ́_Sáfà

Configure kan náà ni, `--target` ló yàtọ̀. Lórí Windows, inú MSYS2 tàbí Cygwin ni ẹ ó ti pè é, bí ẹ bá sì kọ `--target=x86_64-win64-vs17`, yóò ṣe àwọn fáìlì tí Visual Studio lè ṣí. Fún Android, `arm64-android-gcc` ni, pẹ̀lú clang tó wà nínú NDK, ìyẹn àkójọ irinṣẹ́ Android. Bí ẹ bá ń kọ ti ARM lórí Linux, `CROSS=aarch64-linux-gnu-` ni ẹ ó fi síwájú, pẹ̀lú `--target=arm64-linux-gcc`, ẹ kò sì nílò nasm níbẹ̀ rárá, nítorí x86 nìkan ni nasm wà fún. Bí èyí bá díjú fún yín, ẹ ṣí okùn ọ̀rọ̀ mìíràn fún un, kí ti Akọ̀wé má baà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Akọ̀wé_Fídíò

FFmpeg ti jáde, yuv420p10le sì ti wà nínú àkójọ náà! Kí ni kí n wá kọ láti fún fídíò pọ̀?

Ìyá_Tẹ́míná

A bá yín yọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí:

`ffmpeg -i kamera.mov -c:v libvpx-vp9 -pix_fmt yuv420p10le -profile:v 2 -crf 31 -b:v 0 -row-mt 1 -threads 4 jade.webm`

Profile 2 ni ilé bíìtì 10 àti 12 nínú VP9. `-b:v 0` ni kí ẹ má gbàgbé, nítorí nínú àwọn ẹ̀dà FFmpeg àtijọ́, bí kò bá sí níbẹ̀, crf, nọ́ḿbà tó ń pinnu dídára àwòrán, yóò di òpin lásán lábẹ́ ìwọ̀n détà mìíràn, dídára tí ẹ sì retí kò ní wá. `-row-mt 1` ń jẹ́ kí iṣẹ́ pín sórí ìlà àwòrán, kí àwọn pírósẹ́sọ̀ yín má baà máa wo ara wọn níran. Kí ẹ tó fi gbogbo fídíò yín sí i, ẹ mú ègé kúkúrú kan dán an wò lórí ohun tí àwọn òǹwòran yín ń lò, nítorí pé ọ̀pọ̀ fóònù ló ní ẹ̀rọ inú tó ń tú VP9, ṣùgbọ́n tí kò mọ ju Profile 0 lọ. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ yóò máa fi pírósẹ́sọ̀ lásán tú u, bátìrì yóò sì sọ ìyókù.

Aṣọ́_Sáfà

Kí a tó túká, ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé ìtọ́ni kọ̀m̀páìlì kì í sábà sọ. Ní September 2023, wọ́n rí ihò ààbò kan nínú apá tó ń fún VP8 pọ̀ nínú libvpx, CVE-2023-5217, àwọn ọ̀daràn sì ti ń lò ó kí ìròyìn rẹ̀ tó jáde. Chrome sáré tún tirẹ̀ ṣe, libvpx 1.13.1 jáde nítorí rẹ̀, Ubuntu sì fi àtúnṣe náà sínú 1.11.0 tirẹ̀ láì yí nọ́ḿbà ńlá yẹn padà. Gbogbo ẹni tó ń lo páàkéèjì Ubuntu rí àtúnṣe gbà láìmọ̀. Ẹni tó ní libvpx.a nínú ilé ara rẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà, nítorí pé apt kò mọ̀ pé ó wà láyé. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé irú 1.3.0 tí Akọ̀wé bá nínú /usr/local pọ̀ káàkiri lórí àwọn sáfà, kò sì sí ẹni tó ń bójú tó wọn. Bí FFmpeg yín bá ń gba fídíò lọ́wọ́ àwọn tí ẹ kò mọ̀, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo àṣẹ tí ẹ lò sínú fáìlì kan tó ṣeé pè, kí ẹ sì fi í sínú $HOME/ffmpeg_build. Nígbà tí libvpx tuntun bá jáde, nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni ẹ ó yí padà nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé kíkọ libvpx.a tuntun nìkan kò tó: èyí tó wà nínú ffmpeg ni ti àtijọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún FFmpeg náà kọ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ni ibi tí .so fi sàn ju .a lọ, kí n má sì fi í pamọ́ fún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́_Windows

Kí ló dé tí ẹ kò fi gba Akọ̀wé níyànjú láti lo AV1? Ṣebí òun ló tuntun jù?

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Nítorí pé VP9 ló béèrè. AV1 jáde ní 2018, ó sì ń fún fídíò pọ̀ ju VP9 lọ, àmọ́ libaom, tó jẹ́ láíbìrì àkọ́kọ́ rẹ̀, lè falẹ̀ ju libvpx lọ dáadáa bí ẹ kò bá yan `-cpu-used` rẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lè lọ wo SVT-AV1, tí Intel àti Netflix bẹ̀rẹ̀. Kí ó má baà ṣi dav1d mú fún un: títú AV1 nìkan ni iṣẹ́ dav1d, kò lè fún nǹkan kan pọ̀. Ọ̀nà kíkọ wọn náà yàtọ̀, CMake ni ti libaom, meson àti ninja ni ti dav1d, configure tí a sọ lókè kò sì wúlò fún èyíkéyìí nínú wọn.

Akọ̀wé_Fídíò

Mo ti dán ègé kan wò. Ffprobe, ètò tó ń bá FFmpeg wá láti yẹ fídíò wò, sọ pé `vp9 (Profile 2), yuv420p10le`, ojú ọ̀run tó máa ń pín sí ìlà-ìlà tẹ́lẹ̀ nínú fídíò wa sì ti ń dán láìsí ìlà. Mo ti kọ àwọn àṣẹ náà sínú fáìlì bí ẹ̀gbọ́n Aṣọ́_Sáfà ṣe wí, mo sì ti kọ̀wé sí alábòójútó nípa 1.3.0 tó wà nínú /usr/local. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Alábòójútó_Pátákó

Mo ti sàmì sí okùn yìí pé ó ti yanjú, mo sì ti gbé àṣẹ configure méjèèjì sí òkè rẹ̀ kí ó rọrùn láti rí. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ìbéèrè tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ fi àṣẹ configure tó lò gan-an, ohun tí `pkg-config --modversion vpx` dáhùn, àti nǹkan bí ọgbọ̀n ìlà ìkẹyìn nínú ffbuild/config.log síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí a lè kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fóònù ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́.